Ìdí Tí Ẹgbẹ́ Họ́kì Fi Ń Kúrò Nínú Líìgì Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ìtàn họ́kì orí yìnyín láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń mú kí ẹgbẹ́ kan fi líìgì rẹ̀ sílẹ̀: owó, ọ̀nà jíjìn àti ìbẹ̀rù pé kí a má gbẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ti owó. Ní ọdún 2010, Terry Pegula àti Kim ìyàwó rẹ̀ fún Yunifásítì Penn State ní mílíọ̀nù 88 dọ́là láti fi dá ẹgbẹ́ họ́kì sílẹ̀. Nínú àwọn yunifásítì Big Ten, márùn-ún péré ló ní ẹgbẹ́ họ́kì ọkùnrin nígbà náà, inú líìgì CCHA àti WCHA ni wọ́n sì pín sí. Líìgì sì gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ mẹ́fà kí ẹni tó gba ife rẹ̀ tó lè wọ ìdíje àpapọ̀ láìdúró de ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹgbẹ́. Penn State ló sọ wọ́n di mẹ́fà. Big Ten ní tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2013, líìgì họ́kì wọn bẹ̀rẹ̀.

Bí àwọn ńlá ṣe fẹ́ lọ, ẹ̀rù ba àwọn yòókù. North Dakota, Denver àti àwọn mìíràn dá NCHC sílẹ̀ ní 2011. CCHA, tó ti wà láti 1971, kógbá sílé ní 2013.

Ọ̀nà jíjìn ló fa ìyapa kejì. Ní 2019, ẹgbẹ́ méje nínú WCHA kéde pé àwọn ń lọ, kí àwọn lè máa bá àwọn tó wà nítòsí ṣeré. Líìgì kan náà ni wọ́n wà pẹ̀lú ẹgbẹ́ méjì láti Alaska, ní àríwá pátápátá, àti ọ̀kan láti Alabama, ní gúúsù. Owó ọkọ̀ òfuurufú kò kéré, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lójú ọ̀nà kò sì sí ní kíláàsì. Ní 2021, àwọn méje náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré lábẹ́ orúkọ CCHA tí wọ́n jí dìde.

Àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Alabama Huntsville wá líìgì tì, ó sì dá họ́kì dúró ní 2021. Yunifásítì Alaska Anchorage ti kéde ní 2020 pé òun yóò pa ẹgbẹ́ tirẹ̀ rẹ́. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ló kó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là jọ kó tó padà ní 2022, láìní líìgì kankan.

N kò dá àwọn tó lọ lẹ́bi, nítorí ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan kì í dá nìkan ṣe ìdíje. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣe àdéhùn pé òun yóò ṣì máa bá àwọn tó kù ṣeré lọ́dọọdún. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.