Òkè Ìrònú ní Ojú Àwọn Ará Okun

Mẹ́ta nínú àwọn ìwé D. O. Fágúnwà ni ó gba orúkọ igbó. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, Igbó Olódùmarè tẹ̀ lé e ní ọdún 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje sì parí ọ̀wọ́ náà ní ọdún 1954. Ìkẹ́yìn yìí ní ohun kan tí ó bá àwọn ará Okun wí ju àwọn ẹlòmíràn lọ, ìyẹn àwọn Owé ti Kàbà, àwọn Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀.

Nínú ìwé kìíní, Àkàrà-oògùn àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ rin ìrìn-àjò lọ sí Òkè Lángbòdó. Ìwé kejì padà sẹ́yìn sí ìtàn Olówó-ayé, bàbá Àkàrà-oògùn. Nínú ìwé kẹta, Òkè Ìrònú ni ìrìn náà forí lé. Iwin àti ìdẹ́rùbà kò tán lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìrònú fúnra rẹ̀ ti di orúkọ ibi tí à ń lọ.

Òkè kì í ṣe àjèjì fún ará Okun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà ń kó ilẹ̀ náà lẹ́rú, orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ìlú sì sá gùn. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà lẹ́yìn náà. Nítorí náà, àwọn baba gun òkè kí ẹ̀mí má baà bọ́. Àwọn akọni inú ìwé ń lọ sí òkè kí ọgbọ́n lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn ìsásókè lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà, tí ó sì tún ka Fágúnwà, ti ní òkè méjì lọ́kàn.

Ọdún 1954 yìí kan náà ni òfin ìjọba tuntun fún Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní agbára púpọ̀ sí i. Abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni Kàbà wà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955 kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbìmọ̀ Willink gbé ọ̀rọ̀ ààlà náà yẹ̀wò, ó sì jábọ̀ ní ọdún 1958. Ààlà kò yí. Ṣùgbọ́n èdè kì í gba ìwé àṣẹ kí ó tó kọjá ààlà. Bíbélì Yorùbá tí a parí ní ọdún 1884 ti ń jẹ́ kíkà ní ilẹ̀ Okun. Àwọn ajíhìnrere SIM sì ti wà ní Ẹ̀gbẹ̀ láti ọdún 1908. Ẹni tí ó bá lè ka Májẹ̀mú Láéláé lè ka Fágúnwà. Bí ìjọba kò tilẹ̀ ka ará Kàbà mọ́ ará Ìbàdàn, ìwé ń kà á mọ́ ọn.

Èrè yìí ní iye tirẹ̀. Èdè inú ìwé kì í ṣe èdè ìdí ààrò ní Kàbà tàbí ní Ìsánlú. Kíkí tí àwọn ará Okun ń kí ara wọn, èyí tí ó di orúkọ wọn, kì í ṣe ìkíni àwọn ọdẹ Fágúnwà. Òǹkàwé ilẹ̀ Okun gba ìbátan gbogbo Yorùbá; ó sì fi ohùn ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1963, omi gbé Fágúnwà lọ ní Wuya, lẹ́bàá Bídà, ìlú tí àwọn ẹlẹ́ṣin ọjọ́un ti wá. Ẹkùn Àríwá di ìtàn ní ọdún 1967. Ilẹ̀ Okun bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì bọ́ sí Kogi ní ọdún 1991. Ààlà ń ṣí kiri, ìwé dúró. Ohun tí ó kù fún àwọn ọmọ Okun ni kí wọ́n máa fi ohùn ilé tiwọn náà kọ̀wé, kí òkè tí àwọn baba wọn gùn lè ní ìtàn ní èdè àwọn tí ó gùn ún.