Ìwé Ẹwìrì: Ọdún Kìíní Bàbá Àgbà ní Zaria

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti bi mí léèrè pé kí ni ó mú mi kúrò ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹnjiníà lẹ́yìn ọdún kan ṣoṣo, tí mo fi wá jókòó ti ẹ̀kọ́ èdè. N kò ní purọ́ fún yín: mo fìdí rẹmi. Ìyàwòrán ẹ̀rọ ni ó bá mi jà jù. Olùkọ́ a gbé irin kan kalẹ̀, a ní kí a yà á bí ó ti rí láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè. Èmi a rí ti iwájú, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ti òkè, ojú mi a ṣú.

Nígbà tí mo padà sílé fún ìsinmi, ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí jù kì í ṣe bàbá tí ó bí mi, bí kò ṣe bàbá tí ó bí bàbá mi, nítorí pé ẹnjiníà ni òun, òun ni ó sì san owó ìwé mi. Ní ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ jẹ́wọ́ ni ó sọ ìtàn tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín fún mi. Ibi tí kò sọ ni mo fi ìwé ìtàn dí.

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ Yorùbá fi ní láti lọ sí Zaria ní 1959 kí ó tó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, a ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ní 1890 ni Herbert Macaulay, ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, wọ ọkọ̀ òkun láti Èkó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ́ iṣẹ́ náà ní Plymouth. Ọdún méjìlélógójì kọjá kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga ti Yaba tó bẹ̀rẹ̀ ní 1932. Wọ́n ń kọ́ ìṣègùn, iṣẹ́ àgbẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ àti ti ẹnjiníà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oyè dìgírì fún ẹnikẹ́ni. Dìpúlómà ni wọ́n ń gbà. Bí wọ́n bá sì jáde tán, igbákejì Òyìnbó ni wọn yóò jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, bí ó ti wù kí orí wọn pé tó. Ọ̀rọ̀ yìí dun àwọn ọ̀dọ́ Èkó wọ egungun. Ó wà lára ohun tí ó bí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó ní 1934, èyí tí ó di Nigerian Youth Movement nígbà tí ó yá. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ta ni yóò fi ọdún gbọọrọ kọ́ṣẹ́, tí a ó sì máa pè é ní ọmọ-iṣẹ́ títí irun rẹ̀ yóò fi funfun?

Ní 1948, akẹ́kọ̀ọ́ 104 ti Yaba kó lọ sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì tuntun ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti lè gba dìgírì ti London. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ẹnjiníà kò fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ní ìgbà náà. Nígbà tí ìjọba dá Nigerian College of Arts, Science and Technology sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ní Zaria, ní Ìbàdàn àti ní Enugu, Zaria ni iṣẹ́ ẹnjiníà bọ́ sí.

Bàbá àgbà wọ rélùwéè ní Ìbàdàn pẹ̀lú àpótí páànù kan àti gàrí. Ọkọ̀ gba Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin, ó kọjá odò Ọya ní Jẹ́bà, ó gba Minna àti Kàdúná. Ó ní láti Jẹ́bà lọ, òun kò gbọ́ ohun tí àwọn ọlọ́jà ojú fèrèsé ń wí mọ́. "Nawa" ni ọ̀rọ̀ Hausa tí ó kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé ebi ń pa á, ó sì fẹ́ mọ iye tí ẹran sísun jẹ́. Ọyẹ́ Zaria fọ́ ọ létè títí kò fi lè rẹ́rìn-ín dáadáa. (Kì í ṣe àwọn ẹnjiníà nìkan ni ó wà níbẹ̀ o. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tí ó di àgbà ayàwòrán, kọ́ iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn.)

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nìyí: bàbá àgbà náà fìdí rẹmi nínú ìyàwòrán ní ìdánwò rẹ̀ àkọ́kọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé rí, àní fún ìyá àgbà pàápàá. Látìn ni wọ́n fi kọ́ ọ ní girama. Kò fọwọ́ kan kọ́ńpáàsì ayàwòrán rí. Olùkọ́ Òyìnbó a máa sọ̀rọ̀ láti inú imú, a máa dárúkọ ẹ̀rọ lọ bí ẹni ń ka rosárì, bàbá a sì máa kọ ohun tí kò yé e sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kan wọ́n ń kọ́ nípa ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ wọlé tí ó sì ń tì í jáde. Ó tẹjú mọ́ àwòrán náà títí, ó wá rí i pé ẹwìrì ni! Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó ti ń fín iná. Ó kọ "ẹwìrì" sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí wọ́n bá dárúkọ, a wá ohun tí ó jọ ọ́ nínú ilé arọ: owú, ẹmú, ọmọ owú. Bí kò bá rí i, a fi àyè sílẹ̀. Ó tún ìdánwò náà ṣe, ó sì yege. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di Yunifásítì Ahmadu Bello ní oṣù kẹwàá 1962, oṣù kan náà tí Yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Èkó gba akẹ́kọ̀ọ́ wọn àkọ́kọ́.

Mo rò pé ó ń sọ èyí kí n lè padà sí ẹ̀ka ẹnjiníà ni. Mo ti ń múra àtidá a lóhùn nígbà tí ó wọ yàrá lọ, tí ó sì mú ìwé kan jáde tí ikán ti jẹ ní igun. Ó ṣí i. Àwòrán ẹ̀rọ kún inú rẹ̀, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún, Yorùbá lápá òsì. Ṣùgbọ́n àyè òfìfo pọ̀ lápá òsì ju orúkọ lọ.

"Ìwọ ni o ń kọ́ èdè," ni ó wí. "Ó tó ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń wá wọn. Mú un lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀dì ni kí o fi kọ ọ́, kí n lè pa á rẹ́ bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn."

Mo ti kọ mọ́kànlá. Ó ti pa mẹ́sàn-án rẹ́.