Ẹ̀kọ́ Yunifásítì ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé Lọ́dún Kòrónà
Láyé àwọn bàbá wa, owó kòkó ni àgbẹ̀ Èkìtì, ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, fi ń rán ọmọ nílé ìwé, kí Ìjọba Àpapọ̀ tó dá yunifásítì tí ó wà ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé sílẹ̀ lọ́dún 2011. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ sì gùn títí di oṣù kejìlá, akẹ́kọ̀ọ́ di ẹrù rẹ̀, ó forí lé ilé. Inú fóònù ni ìwé kíkà kù sí, níbi tí dátà ti wọ́n, tí iná kò sì dúró. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ẹ jẹ́ kí ìjọba, ìlú àti òbí pèsè dátà, iná àti ìwé fún àwọn ọmọ wa kí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn tó dé.