Ẹja Àrọ̀: Ìṣẹ̀dá àti Ìṣesí Rẹ̀

Nínú àwọn ẹja odò àti àbàtà ilẹ̀ wa, díẹ̀ ni a mọ̀ tó àrọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Clarias gariepinus. Kò ní ìpẹ́, ara rẹ̀ ń yọ̀, orí rẹ̀ sì fẹ̀ pẹrẹsẹ. Irùngbọ̀n 8 tí ó yí ẹnu rẹ̀ ká ni ó fi ń wá oúnjẹ lóru nínú omi tí ó rú. Kòkòrò, ẹja kéékèèké, ewéko, àní òkú ẹran pàápàá, kò sí èyí tí ó ń kọ̀.

Yàtọ̀ sí ohun tí gbogbo ẹja fi ń mí nínú omi, àrọ̀ ní ẹ̀yà ara mìíràn nínú orí tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń bá a láàyè nínú abọ́ ọlọ́jà tí omi rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní òru òjò, ó lè wọ́ gba orí ilẹ̀ tútù lọ sí omi mìíràn. Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin olùsìn ẹja pé kí ẹ mọ etí adágún yín ga, kí ẹ sì fi àwọ̀n bò ó kí òjò tó dé.

Ìgbà òjò náà ni ó ń yé ẹyin sínú koríko tí omi bò. Ẹyin a máa pa láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ṣùgbọ́n ìyá kì í tọ́jú ọmọ. Àwọn tí ó tètè dàgbà a sì máa gbé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn mì. Ẹni tí kò bá ṣà wọ́n sọ́tọ̀ bí wọ́n ṣe tóbi sí yóò kàn rí i pé iye wọn ń dín kù ni. Bí ẹ bá ń ṣà wọ́n, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún lẹbẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí.