Rọpárọsẹ̀: Láti Apá àti Ẹsẹ̀ dé Inú Ọpọlọ

Ohun tí ojú rí ni àwọn baba ńlá wa fi sọ àìsàn yìí lórúkọ: apá rọ, ẹsẹ̀ rọ, ó di rọpárọsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ṣe. Orúkọ tiwọn túmọ̀ sí pé a lu ènìyàn bolẹ̀. Orúkọ méjèèjì kò mẹ́nu ba ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ inú ọpọlọ gan-an ni ìdí àrùn náà wà.

Ní 1658, Johann Jakob Wepfer, oníṣègùn ará Switzerland, tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ó rí nígbà tí ó la orí àwọn tí àrùn yìí pa: ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ọpọlọ wọn. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Rudolf Virchow ní Jámánì ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan, kí ó sì ṣí lọ dí iṣan mìíràn pa. Oríṣi méjì ni rọpárọsẹ̀, nígbà náà: ti iṣan tí ó bẹ́ àti ti iṣan tí ó dí. Èyí èkejì ni ó wọ́pọ̀ jù.

Ojú lásán kò lè dá méjèèjì mọ̀, oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì sì lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Ní 1971, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe kọ́kọ́ ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn. Ìgbà náà ni ọ̀nà là.

Ní 1995, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 624 fi hàn pé bí a bá fa oògùn alteplase sí wọn lára láàárín wákàtí 3, ọ̀pọ̀ sí i nínú wọn ni yóò bọ́ lọ́wọ́ àbùkù ara lẹ́yìn oṣù 3. Ewu kò ṣàì sí níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ ya nínú ọpọlọ àwọn 6.4 nínú 100 tí ó gbà á, ó sì jẹ́ 0.6 láàárín àwọn tí kò gbà á. Ní 2008, gbèdéke náà di wákàtí 4 ààbọ̀. Ní 2015, ó dájú pé a lè ti inú iṣan fa ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá jáde. Ní 2018, àwọn kan tí a fi àwòrán yàn jàǹfààní rẹ̀ títí dé wákàtí 24.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìgbà ara là ń búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ẹ wo aago, kí ẹ sì gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ náà. Bí a bá jókòó tí a ń fi òróró wọ́ apá, ọpọlọ ni ó ń kú lọ. Ohun tí ó bá ti kú níbẹ̀ kì í jí mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdárayá lè kọ́ èyí tí ó kù ní iṣẹ́ tuntun.