Iṣẹ́ Oyè Tí Harvard Dá Padà

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà gbà pé àkọlé ńlá ló ń sọ iṣẹ́ àṣekágbá di iṣẹ́ gidi. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní 1972, Yunifásítì Harvard dá iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé Robert Metcalfe padà, wọ́n ní tíọ́rì inú rẹ̀ kò tó. Ó wá ka ohun tí Norman Abramson kọ lórí ALOHAnet, ètò tó ń fi rédíò so kọ̀ǹpútà àwọn erékùṣù Hawaii pọ̀. Ìṣirò ibẹ̀ gbà pé èèyàn á máa tẹ ọ̀rọ̀ lọ bí kò tilẹ̀ rí èsì. Metcalfe tún ìṣirò náà ṣe, ó gboyè ní 1973. Lọ́dún kan náà ló dábàá Ethernet, ọ̀nà tí a fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, ní ilé ìwádìí Xerox.

Ẹnìkan lè ní owó Xerox ló ṣe é. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ ni Linus Torvalds fi bẹ̀rẹ̀ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní Helsinki ní 1991, Linux náà ló sì kọ iṣẹ́ oyè másítà rẹ̀ lé lórí ní 1997. Àléébù ohun tó wà nílẹ̀ ni àwọn méjèèjì kọ́kọ́ rí. Akẹ́kọ̀ọ́, wá àléébù kí o tó wá àkọlé.