Okùn Ìfun Ẹran àti Ihò Eyín

Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Andalus, tí ó di Sípéènì lónìí, kò ní ṣàìmọ orúkọ Abul-Qasim az-Zahrawi. Nítòsí ìlú Kọ́dóbà ni wọ́n bí i sí ní nǹkan bí ọdún 936, ó sì kú ní nǹkan bí ọdún 1013. Ọ̀nà 30 ni ìwé rẹ̀, At-Tasrif, pín sí. Iṣẹ́ abẹ ni èyí tí ó gbẹ̀yìn dá lé. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ni bí a ṣe ń ha ìdọ̀tí tí ó bá le mọ́ eyín, àti bí a ṣe ń fi okùn wúrà de eyín tí ń mì mọ́ èyí tí ó dúró ṣinṣin. Wúrà ni ó fẹ́, nítorí fàdákà kì í pẹ́ bàjẹ́ lẹ́nu. Bí eyín bá ti já, ó ní a lè gbẹ́ òmíràn láti ara egungun màlúù.

Ṣùgbọ́n okùn mìíràn ni ó mú wa gbé gègé. Níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ ìfun ènìyàn tí ó gbọgbẹ́, ó mẹ́nu ba okùn tín-ín-rín tí a fà láti ara ìfun ẹran, pé a lè fi rán an. Irú okùn bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ títú. Ara ni yóò jẹ ẹ́ tán díẹ̀díẹ̀.

Kọ́lájìn ni okùn náà. Òun náà ni ó wà nínú awọ, egungun àti erìgì wa. Ẹni tí ó bá se ẹsẹ̀ màlúù sùn, tí ó jí bá omi rẹ̀ tí ó ti dì, ti fojú ara rẹ̀ rí kọ́lájìn tí iná ti tú.

Lónìí, bí oníṣègùn bá yọ eyín, pàápàá fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá, ó lè ki kọ́lájìn tí ó fúyẹ́ bí òwú bọ ihò náà. Ẹ̀jẹ̀ yóò dì mọ́ ọn, kò ní tètè ṣí kúrò, ẹran tuntun yóò sì hù gba inú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara ti jẹ ẹ́ tán. Òmíràn tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ; wọ́n fi ń bo egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí erìgì má baà gba àyè rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó nílò rẹ̀ o. Ihò eyín ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń jinná fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí: màlúù ni wọ́n ti ń mú òmíràn, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú òmíràn. Àwọn onímímọ̀ kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Àwọn kan ní àfi bí ìnira bá dé, wọ́n sì tọ́ka sí áyà 173 nínú Suratul-Baqarah. (Bí wọ́n ṣe pa màlúù náà, ìyẹn tún ní àríyànjiyàn tirẹ̀.) Lójú tiwa, níbi tí ti màlúù bá wà, a kò rí ìnira tí yóò gbé wa dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Oníṣègùn mọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ bi í kí ó tó gún yín ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹnu kú, nítorí lẹ́yìn ìyẹn, ètè kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já geere.